Àbájáde: àpótí pọ́ǹpù omi tó ń gbé èèyàn (a ti rí ojútùú)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo béèrè nípa àpótí onírin tí a fi ń tan pọ́ǹpù omi nílé wa l'Abẹ́òkúta, tí iná máa ń gbé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án.

Ìmọ̀ràn ẹni tó ní ká wo ojú ihò tí wáyà gbà wọnú àpótí ló jẹ́. Oníṣẹ́ iná pa iná, ó tú ìdérí: kò sí bushing (òrùka tí a ń fi sí ojú ihò kí etí irin má baà gé wáyà) kankan níbẹ̀. Etí irin náà mú bí abẹ. Bí pọ́ǹpù bá ṣe ń gbọ̀n, wáyà ń ha irin, títí ara róbà fi ya, tí bàbà pupa inú rẹ̀ fi ń kan àpótí. A gé ibi tó ya lára wáyà dànù, a ra bushing oníke ní Kútọ̀, èyí tó ní nọ́ọ̀tì tó ń di wáyà mú, kí fífà má baà dé ojú ìsopọ̀. Àpótí kò gbé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ ra èyí tó bá wáyà yín mu gẹ́lẹ́. Èyí tó bá tóbi jù kò ní di nǹkan kan mú, omi òjò á sì ráyè wọlé.

Tẹ́èpù ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀ ṣáájú, àmọ́ ooru tú u. Bíréékà tuntun kò yí nǹkan kan padà, torí kò sí wáyà earth (èyí tó ń so àpótí mọ́ ọ̀pá irin inú ilẹ̀) tí iná tó ń jò lè gbà lọ tí bíréékà á fi já.

Earth yẹn ló kù. Àpáta pọ̀ nínú ilẹ̀ wa, a ṣì ń wá ibi tí ọ̀pá rẹ̀ á ti wọlé dáadáa. Bushing kò lè rọ́pò rẹ̀, torí náà àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ tútù kan àpótí náà. Ẹ ṣeun púpọ̀.