Ìdáhùn: Àṣeparí nìyẹn, kì í ṣe àṣeyọrí

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kó kalẹ̀ lánàá fún ìwé tí wọ́n ń túmọ̀, èyí tó dá lórí bí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ní Amẹ́ríkà ṣe ń fi ohun tó wà nínú fáìlì wọn ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Márùn-ún ni wọ́n dábàá: kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò (“community college”), dátà ilé-iṣẹ́ (“institutional data”), àṣeyọrí akẹ́kọ̀ọ́ (“student success”), ìdádúró akẹ́kọ̀ọ́ (“student retention”) àti ẹ̀kọ́ ìdàgbàsókè (“developmental education”). Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni mo lè gbà láìjanpata.

Ọ̀kan yẹn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò. Ẹni tó ní ká kúkú pè é ní “kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré” rí ibi kan fẹ̀yìn tì, torí èyí tó pẹ́ jù lọ nínú ti ìjọba, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Joliet, Illinois, ní 1901, “Junior College” ló ṣì ń jẹ́ títí dòní. Àmọ́ òmíràn wà nínú wọn tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ yunifásítì lọ. Kékeré wo ló tún kù?

Ó kan dátà. Létí ọ̀pọ̀ wa, dátà ni ohun tí à ń rà sórí fóònù. Ẹ kọ “dátà ilé-iṣẹ́” síbẹ̀, òǹkàwé á rò pé ọ̀gá kan ló ra dátà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kí ni nǹkan ọ̀hún gan-an? Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀, kọ́ọ̀sì tó yàn, máàkì tó gbà, kọ́ọ̀sì tó jáwọ́ nínú rẹ̀ láàárín sáà, owó ìrànwọ́ tó rí gbà. Ẹnì kan ló kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó di ohun tí à ń kà. Àkọsílẹ̀ ni. “Àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́” tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá rí fà yọ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kó o jọ la lè wá pè ní ìwífún. Mo mọ̀ pé àwọn oníkọ̀ǹpútà inú wa ò ní gbà, wọ́n á ní àkọsílẹ̀ ń rùn bíi tákàdá àtijọ́. Kò burú. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ bá délẹ̀, kí wọ́n máa bá dátà wọn lọ.

Ibi tí ìjà mi wà gan-an ni àṣeyọrí. Ẹ̀gbọ́n fi í túmọ̀ “success” níbi gbogbo tí wọ́n ti bá a pàdé, ọ̀rọ̀ náà sì dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń kà. Ní 1990, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ iye ẹni tó ń gbàwé-ẹ̀rí jáde. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: wọ́n á mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ìgbà àkọ́kọ́, tí wọ́n sì gba kọ́ọ̀sì sáà kún rẹ́rẹ́, wọ́n á fún wọn ní àkókò tó yẹ àti ìdajì rẹ̀ lé e, èyí tó já sí ọdún mẹ́ta fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì, wọ́n á wá ka àwọn tó parí. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn o: parí. Àṣeparí ni wọ́n ń kà. Àṣeyọrí, a ṣe é, orí yọ, ìyẹn tún jẹ́ nǹkan mìíràn.

Ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó lo ọdún kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, tó ráyè wọ yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin, tó sì kọjá síbẹ̀ láìgba ìwé-ẹ̀rí kankan. Ohun tó torí rẹ̀ wá nìyẹn. Ó ṣàṣeyọrí, ta ni yóò jiyàn? Síbẹ̀ kò ṣe é parí, ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń ka irú rẹ̀ sí. Ti ẹni tó ń fi iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ pọ̀ mọ́ ìwé, tó ń gba kọ́ọ̀sì méjì péré ní sáà kan, tilẹ̀ tún burú. Irú wọn ló pọ̀ jù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyẹn, àmọ́ ìṣirò 1990 yẹn kò kà wọ́n mọ́ àwọn tó parí, kò sì kà wọ́n mọ́ àwọn tí kò parí. Ìgbà tó di sáà ẹ̀kọ́ 2015 sí 2016 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìṣirò mìíràn tó kó wọn mọ́ra, tó sì ń tọpa wọn fún ọdún mẹ́jọ.

Òyìnbó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Kí ló dé tí àwa tí a ní méjì ó fi sọ ọ̀kan nù? Níbi tí ìwé bá ti ń ka ìwé-ẹ̀rí, àṣeparí ni kí á kọ. Níbi tó bá ti ń sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá, àṣeyọrí.

Ìdádúró ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi í túmọ̀ “retention”. Háà! Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ sílé, wọ́n dá a dúró ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jà nínú ọgbà, wọ́n dá a dúró fún sáà kan. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bá wá ń yangàn pé ìdádúró akẹ́kọ̀ọ́ lọ sókè lọ́dọ̀ òun, ẹ̀rù á ba òǹkàwé. Ohun tí wọ́n ń kà kò ju àwọn tó wá ní ọdún kan, tí wọ́n sì padà wá ní ọdún kejì. Ìpadàbọ̀ ni.

Ẹnì kan dábàá ìforítì fún èkejì rẹ̀, “persistence”. National Student Clearinghouse, tó ń tọpa akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́, máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀: ọ̀kan ń ka ẹni tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, èkejì ń ka ẹni tó ṣì ń kàwé níbikíbi. Ìforítì kò bá èyí mu rárá, torí ìwà ọmọlúàbí la fi ń pè, ẹni tí kò bá sì ní in ti di ọ̀lẹ. Àkọsílẹ̀ ò mọ ìwà. Ó mọ̀ pé orúkọ kan kò sí nínú ìwé mọ́. Kò mọ̀ bóyá ọkàn ló rẹ̀ ẹ́ ni tàbí owó ọkọ̀. Ní 2007, City University of New York bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní ASAP: káàdì ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìrànwọ́ owó ìwé, olùdámọ̀ràn tó mọ akẹ́kọ̀ọ́ lójú, kí oníkálukú sì gba kọ́ọ̀sì sáà kún rẹ́rẹ́. Wọ́n fi bí ìbò ṣe mú un pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí méjì láti dán an wò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 40 nínú 100 ló ti gbàwé-ẹ̀rí lára àwọn tó wà nínú ètò náà. Lára àwọn tí kò sí níbẹ̀, ìdá 22. Ṣé ìforítì ni wọ́n lọ̀ mọ́ káàdì ọkọ̀ ni? Ìtẹ̀síwájú ni kí ẹ lò. Kò bú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ ìdàgbàsókè, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni bá kà á á rò pé ètò ọrọ̀ ajé ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ìṣirò àti gẹ̀ẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n tún ń fi kọ́ ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ ibi tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni, owó rẹ̀ sì ń lọ láìkà mọ́ oyè. Ẹ̀kọ́ àtúnkọ́. Àkọsílẹ̀ náà ló sì tú àṣírí pé máàkì ilé-ẹ̀kọ́ girama ń sọ òótọ́ nípa akẹ́kọ̀ọ́ ju ìdánwò ọjọ́ kan lọ, tí California fi ṣòfin ní 2017 pé òun ni kí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa wò.

Ọ̀kan wà tí kò sí nínú ti ẹ̀gbọ́n, tó sì ń dá mi láàmú. Ẹni tó yà kúrò fún sáà kan tàbí méjì, tó ní òun ń padà bọ̀, kí ni ká pè é? “Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀” ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn. “Ó dá ẹ̀kọ́ dúró” tún gbé wa padà sọ́dọ̀ dá dúró. Mo dán “ayàsinmi” wò, ìyàwó mi ní ó jọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì. Nínú fáìlì kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun àti ẹni tó lọ pátápátá, àlàfo kan náà ni wọ́n fi sílẹ̀, títí ọjọ́ tí ọ̀kan á fi tún wá forúkọ sílẹ̀. Ẹ bá mi ronú sí i.

Àbúrò yín.