“Ìdọ́gba” kò tó: ẹ jẹ́ kí a ṣẹ́ bébà po wò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa pe símẹ́tìrì (symmetry) ló wà nílẹ̀, ìyẹn kí ẹ̀gbẹ́ ohun kan bo ara wọn tí a bá ṣẹ́ ẹ po, tàbí kó tún rí bó ṣe rí tí a bá yí i. Ẹnìkan mú “ìdọ́gba” wá. Ẹlòmíràn ní “àǹkóò”, nítorí pé àwọn onímọ̀ èdè ti ń sọ̀rọ̀ àǹkóò fáwẹ́lì tipẹ́. Méjèèjì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n mo gbé wọn dé iwájú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé níbí ní Ìlọrin, wọn kò dúró.

Mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà kan. Mo ní kí wọ́n fi rúlà fa ìlà láti igun kan dé igun tó wà ní òdìkejì, kí wọ́n gé e níbẹ̀. Wọ́n kó abala méjèèjì lé ara wọn, wọ́n yí i títí ó fi bọ́ sí i, ni gbogbo wọn bá ké pé “Ó dọ́gba!” Òótọ́ ni. Mo wá fún wọn ní bébà mìíràn, mo ní kí wọ́n má gé e, kí wọ́n kàn ṣẹ́ ẹ po lójú ìlà kan náà. Etí bébà kò pàdé. Igun yọ síta lọ́tùn-ún, ó yọ lósì. Ọmọbìnrin kan wò mí: “Àǹtí, ṣebí ẹ ní wọ́n dọ́gba, kí ló dé tí wọn ò pàdé?” Ọ̀rọ̀ náà “ìdọ́gba” kò jẹ́ kí n rí èsì fún un.

Bàtà ọ̀tún àti tòsì ńkọ́? Nọ́ńbà kan, awọ kan, àwọ̀ kan: àǹkóò pọ́ńbélé. Síbẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ tòsì kí ẹ wò ó. Ṣe ni wọ́n kọjú síra bí ènìyàn àti àwòrán rẹ̀ nínú dígí. Àwọn tó wọ àǹkóò jọra lásán ni. Ìkọjúsíra yẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí mo dá lábàá ni pé kí “ìbáramu” jẹ́ orí, kí a sì fi ohun tí ọwọ́ ṣe tẹ̀lé e. “Ìbáramu ìṣẹ́po” fún ohun tí a ṣẹ́ po tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bo ara wọn. “Ìbáramu ìyípo” fún ohun tí a yí díẹ̀ tó tún rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ìlà tí a ṣẹ́ ẹ sí, “ojú ìṣẹ́po”. Télọ̀ tó ń gé ọrùn bùbá mọ èyí: yóò ṣẹ́ aṣọ po, yóò gé ìdajì ọrùn, tó bá ṣí i, ọrùn ti pé. Bí ẹnìkan bá ní ìbáramu ti wà fún gèlè tó bá ìró mu, mo gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún un ní ọ̀rọ̀ kejì.

Àbá tó wú mi lórí jù ni “ìméjì”, tí a fà yọ láti ara ojú odù Ifá. Nínú 256 odù, 16 péré ni àmì ọ̀tún àti ti òsì wọn rí bákan náà, Ogbè Méjì, Òyẹ̀kú Méjì àti àwọn yòókù. Nínú 240 tó kù, ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Àwọn baba wa ti ya èyí tó bára mu sọ́tọ̀, wọ́n sì fún un lórúkọ. Ṣùgbọ́n “méjì” kò gba gbogbo rẹ̀. Ó gba gbánja aláwẹ́ méjì. Obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin ńkọ́? Ẹ gé ìbẹ́pẹ ní ìbú: ihò àárín rẹ̀ rí bí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún, ojú ìṣẹ́po márùn-ún ló ní, ó sì tún ṣeé yí. Ìkòkò tí àwọn ìyá ń mọ ní Dada níbí ní Ìlọrin, tí ẹ bá dúró wo ẹnu rẹ̀ láti òkè, ojú ìṣẹ́po rẹ̀ kò lóǹkà.

Èyí tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù ni lẹ́tà. E ṣeé ṣẹ́ po láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Fi àmì sí i kó di Ẹ, kò bára mu mọ́. Yí S kí orí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, S náà ni. Ṣ kò gbà. O gbà lókè gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, Ọ gba ti ẹ̀gbẹ́ nìkan. Ọmọkùnrin kan ní, “Àmì kékeré yìí lágbára o.” Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀. Inú kíláàsì ni ọ̀rọ̀ tí à ń wá yìí ń lọ.

Ẹyọ kan ló kù tí n kò rí ojútùú rẹ̀. Wọ́n mú ìkarahun ìgbín wá. Ó lọ́ bó ṣe lọ́. A kò rí ojú ìṣẹ́po kankan, ìyípo kò ràn án. Bí mo bá pè é ní “aláìbáramu”, ó dà bíi pé ìgbín ní àbùkù, bẹ́ẹ̀ ó lẹ́wà. Ẹ bá mi wá orúkọ tí kò ní bú u.