Iná airbag ò kú láti àná, ta lẹ mọ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá ni

Ọmọ_Ọ̀wu: Ẹ kú ilé o. Corolla 2009 ni, iná airbag (báàgì tó ń bú jáde gba èèyàn tí mọ́tò bá kọlu nǹkan) tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù láti àná, kò kú mọ́. Fúráìdè la máa lọ sìnkú n'Íléṣà, èmi, ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ta lẹ mọ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, tí kò ní lù mí ní jìbìtì?

Baba_Ìbejì: Lọ bá àwọn bọ̀ìsì abẹ́ bíríjì, òdìkejì ilé epo yẹn. Sọ fún wọn pé Baba Ìbejì ló ní kó o wá.

Akin_Bódìjà: Bíríjì wo, bàbá? Ọ̀gá tó bèèrè ò tiẹ̀ sọ bóyá Èkó ló wà àbí Ìbàdàn.

Àdùkẹ́_Wheels: Iná ABS (ti bíréèkì) tèmi náà tàn nígbà kan, sensor ẹsẹ̀ táyà ni, dọ̀tí ló bò ó, wọ́n fọ̀ ọ́, ó kú.

Akin_Bódìjà: Àǹtí, airbag ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe ABS.

Ṣẹ́gun_Mushin: Ẹ má sáré fún rewire (oníná mọ́tò) kankan lówó o. Camry tí mo rà ní tòkunbọ̀, tí mo bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́, iná airbag á tàn fún bíi sẹ́kọ́ọ̀ǹdì 6, á sì kú, bó ṣe yẹ kó ṣe gan-an, ọkàn mi balẹ̀. Àfi ọjọ́ tí mo lọ wọ ìdí tírélà ní Ògèrè, kò sóhun tó bú jáde, àyà mi ló gba sìtíárìn, eyín iwájú méjì lọ. Ìgbà tí wọ́n wá tú ìdérí sìtíárìn, òfìfo ló wà níbẹ̀, wáyà yẹ́lò nìkan, wọ́n so resistor kékeré kan (ohun tó ń dín agbára iná kù) mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n fi táàpù dúdú wé e. Airbag ti bú láti Amẹ́ríkà kí wọ́n tó kó mọ́tò wá, ẹnì kan ló jókòó tó fi resistor tan kọ̀ǹpútà jẹ!

Ìyá_Tòlú: Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọwọ́ ta lẹ ti rà á?

Ṣẹ́gun_Mushin: Mi ò ní dárúkọ, ọ̀rọ̀ ti wà lọ́dọ̀ lọ́yà.

Ìyá_Tòlú: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tèmi lóṣù tó kọjá, báwo ni màá ṣe mọ̀ báyìí, ọkàn mi ti dàrú.

Alhaji_Spare: Ẹ má dẹ́rù ba èèyàn jàre. Tí airbag ò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà mọ́tò á mọ̀.

Rewire_Káyọ̀: Alhaji, kò lè mọ̀. Bó ṣe ń ṣe é ni pé tí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà lórí on, ó ń rán iná gba inú wáyà airbag kọ̀ọ̀kan kọjá, iná tó kéré débi pé kò lè yin airbag, ó fi ń wọn resistance ẹ̀ (bó ṣe ń dènà iná tó), bí ìyá tó ń fọwọ́ kan ọrùn ọmọ wò bóyá ara ẹ̀ gbóná. Ó yẹ kó bá bí ohm 2 sí 3 níbẹ̀. Tí wáyà bá já á rí i, tó bá kan bọ́dì á rí i, tí méjì bá kanra á rí i, á kọ code (nọ́ńbà àléébù) pamọ́, á tan iná. Ṣùgbọ́n tí resistor bá ti jẹ́ iye kan náà, kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ìwà ìkà ni. Kì í sì í ṣe gbogbo àwa rewire ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣá o.

Alhaji_Spare: Mo ti ń ta airbag ní Ládípọ̀ kí wọ́n tó bí ẹ.

Rewire_Káyọ̀: Ẹ̀yin lẹ ń tà á sir, àwa là ń so ó.

Dọlá_Peckham: Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, iná yẹn nìkan tó láti fi já mọ́tò nínú MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún mọ́tò. Ẹ má sì gbàgbé ti Takata o, iléeṣẹ́ tó ṣe airbag. Corolla 2009 wà lára àwọn tí Toyota pè padà ní Amẹ́ríkà, airbag ọ̀dọ̀ èrò iwájú, torí ooru àti ọ̀rinrin ń ba ẹ̀tù inú ẹ̀ tó ń jẹ́ kó bú jẹ́, tó bá wá bú, irin ló máa ń ta sí èèyàn lára. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù ò lè sọ ìyẹn fún yín, torí wáyà ẹ̀ dáa, ẹ̀tù ló bàjẹ́. Ẹ fi VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò) wò ó lórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá_Tòlú: Níbo ni VIN wà lára mọ́tò?

Akin_Bódìjà: Ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ọ̀dọ̀ dírẹ́bà. Ìta lẹ máa dúró sí kẹ́ ẹ tó rí i.

Ọmọ_Ọ̀wu: Ẹ ṣé o. Àwọn tó fọ mọ́tò fún mi lópin ọ̀sẹ̀ yọ àga iwájú kí wọ́n lè fọ rọ́ọ̀gì. Ṣé ìyẹn kàn án?

Rewire_Káyọ̀: Háà! Ó kàn án gan-an! Abẹ́ àga yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò wà níbẹ̀, wọ́n lè má tì í wọlé dáadáa tàbí kí omi wọ inú ẹ̀. Ẹ yọ orí nẹ́gátíìfù bátìrì, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí kọ̀ǹpútà yẹn tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́. Ẹ má fi tester tàbí gílóòbù wo wáyà airbag o, ó lè bú mọ́ yín. Lẹ́yìn náà kí ẹni tó ní sìkánà tó ń ka SRS (ètò airbag) bá yín pa code rẹ́, èyí tó pọ̀ nínú àwọn kékeré tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, engine nìkan ni wọ́n ń kà.

Ṣẹ́gun_Mushin: Kí wọ́n ṣáà tú sìtíárìn náà wò!

Ọmọ_Ọ̀wu: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ti wò ó, ó ní engine ò ṣe nǹkan kan, ká lọ sìnkú ká bọ̀. Ìyàwó mi máa bá àwọn ọmọ jókòó sẹ́yìn. Tá a bá dé, màá wá wo ti abẹ́ àga yẹn.

Rewire_Káyọ̀: Ohun tẹ́ ẹ lè wò lẹ́nu ọ̀nà ilé yín! Ó dáa, ẹ de bẹ́líìtì o, ẹ sì rọra sáré, bí iná yẹn ṣe tàn, ohun tó ń fa bẹ́líìtì le mọ́ èèyàn láyà tí mọ́tò bá kọlu nǹkan náà lè má ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà kan náà ló ń darí ẹ̀.

Àdùkẹ́_Wheels: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ẹni tó ní sìkánà tó ń ka SRS nínú yín, èló lẹ rà á?