Ṣọ́ọ̀bù písà tó ń ta ègé kọ̀ọ̀kan: oníràwọ̀ márùn-ún ni ká gbà gbọ́ ni, àbí oníràwọ̀ kan?

Ìyá Ìbejì Flatbush

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní New York. Ọ̀rọ̀ ẹnu jíjẹ ni mo gbé wá o, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ó ti ń dá awuyewuye sílẹ̀ nílé wa.

Ṣọ́ọ̀bù písà kékeré kan wà ládùúgbò wa ní Flatbush, kò jìnnà síbi tí mo ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú tréènì. Kò sí àga níbẹ̀, pákó gbọọrọ kan ni wọ́n kàn mọ́ ògiri tí èèyàn lè dúró tì jẹun. Ègé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà, wọ́n á gbé e lé àwo pépà fún ẹ, o bá tìẹ lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rà á lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ n ò tíì mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Lọ́jọ́ tí mo bá wà nílé, tí mo lọ mú àwọn ìbejì níléèwé, tí a yà síbẹ̀, písà náà á gbóná, ṣíìsì á máa fà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu. Tí mo bá wá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi dùbúlẹ̀, tí mo ní kí n ra ẹyọ kan, ṣe ni etí rẹ̀ á le gbagidi, ṣíìsì á ti gbẹ mọ́ ọn lórí. Owó kan náà, ọkùnrin kan náà ló ń tà á.

Ni mo bá lọ ka ohun tí àwọn oníbàárà kọ nípa wọn lórí Google. Ẹnì kan ní òun ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré, pé kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Brooklyn. Ìràwọ̀ márùn-ún. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní bíi pọ̀nmọ́ tí wọn ò sè jinná ni. Ìràwọ̀ kan. Òmíràn ní òun pè fún un, ó tó wákàtí kan kó tó dé, nígbà tó sì dé, ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ẹnì kan yọ ìràwọ̀ mẹ́rin kúrò torí pé ẹni tó wà ní káńtà kì í kí èèyàn. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni, kì í kí èèyàn. Ojú ló fi ń bi ẹ́ pé kí lo fẹ́.

Ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì bọ́ sí Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ á tó ogún, yàtọ̀ sí àwọn òbí wọn. Bàbá wọn ní ká lọ rà á lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n, pé tiwọn, a ti mọ ohun tí a máa bá níbẹ̀. Èmi fẹ́ ná owó mi ládùúgbò. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó dáa nínú irú àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí, nígbà tí ohùn àwọn oníbàárà ò ṣọ̀kan?

Akin Queens

Ẹ kú ìnáwó o, Ìyá Ìbejì. Ẹ se jọ̀lọ́ọ̀fù fún wọn jàre, kí ẹ din dòdò tì í. Àwọn òbí yẹn náà á dúpẹ́.

Èmi ò tíì dárí ji àwọn onípísà. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, dọ́là kan péré ni mo fi ń ra ègé kan ní Manhattan. Ẹ lọ wò ó báyìí. Láti 1980 ni ẹnì kan ti kọ ọ́ sínú New York Times pé owó ègé písà kan àti owó tréènì jọ máa ń rìn ni. Owó tréènì di dọ́là 2.90 ní 2023, ó di dọ́là 3 ní oṣù kìíní 2026, písà ò sì dúró dè é. Ègé tí wọ́n fi olú sí ládùúgbò mi ti kọjá dọ́là márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tún yí ojú ẹ̀rọ sí ẹ pé kí o fi nǹkan lé e. Nílé wa, ẹni tó ń tajà ló ń ṣe èènì. Níbí, ẹni tó ń rajà ló ń ṣe é.

Ọmọ Mushin ní Bronx

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire o. Ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà, wọ́n á dógbó. Ẹ má dá Akin lóhùn, owó ló ń dùn ún. Mo dúró lẹ́yìn káńtà irú ṣọ́ọ̀bù yìí fún ọdún gbọọrọ ní Bronx kí n tó bọ́ sídìí bọ́ọ̀sì wíwà, torí náà mo mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn gíláàsì yẹn.

Ẹ tún ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ kà. Nígbà tí ẹ mú àwọn ọmọ jáde níléèwé, ó dùn. Nígbà tí ẹ ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, ó le. Aago tí ẹ débẹ̀ ló ń yí padà, ṣọ́ọ̀bù ò yí padà.

Odindi la máa ń yan, èyí tó fẹ̀ tó ínǹsì 18. A ó gé e sí mẹ́jọ, a ó tò ó sẹ́yìn gíláàsì. Tí ẹ bá wọlé tí ẹ ní ẹyọ kan lẹ fẹ́, a ò ní yan tuntun fún yín o. Ọ̀kan nínú èyí tó wà nílẹ̀ la máa tì padà sínú ófùn fún bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, tí a ó gbé e lé orí òkúta inú rẹ̀ gan-an. Ooru ibẹ̀ lè tó 550 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Kì í ṣe pé wọ́n ń yan yín jẹ. Ìgbóná kejì yẹn ló ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ tí ẹ sọ yẹn. Àwọn ará Ítálì tó kọ́kọ́ ń ta písà ní Manhattan, irú Lombardi's ní 1905, èédú ni wọ́n ń dá nínú ófùn ńlá, odindi ni wọ́n sì ń tà. Ófùn gáàsì tó dé lẹ́yìn ìgbà náà ló jẹ́ kí ẹni tí kò lówó rẹpẹtẹ lè há ara rẹ̀ sí igun òpópónà kan, kó máa ta ègé fún ẹni tó ń sáré lọ wọ tréènì.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, tí àwọn ọmọléèwé bá tú dé, ọwọ́ wa kì í ká a. Bí a ṣe ń gbé e jáde ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá rà á nígbà yẹn á lọ kọ ọ́ pé kò sí irú ẹ̀ ní Brooklyn. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ńkọ́? Ládùúgbò tí àwọn èèyàn ti ń sùn bíi tiyín, tí kò sí ilé ọtí tó ń tú èèyàn jáde, ọ̀gá ò ní gbà kí ẹ yan tuntun mọ́, torí inú àpò ìdọ̀tí ni èyí tó bá ṣẹ́kù ń lọ. Ègé tí ẹ bá lálẹ́ lè ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án. Tí wọ́n bá tún fi iná kàn án, ìwọ̀nba omi tó kù lára rẹ̀ á gbẹ tán. Onípọ̀nmọ́ yẹn ò parọ́, ẹni tó ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré náà ò parọ́.

Ará Albania ni ọ̀gá mi. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù písà ní Bronx, àwọn ará Albania ló ni ín, orúkọ Ítálì ló kàn wà lókè ilẹ̀kùn. Bàbá yẹn ò ka ìràwọ̀ kankan rí. Bíìnì ló ń yẹ̀ wò. Tí a bá ti fẹ́ tilẹ̀kùn, á ṣí i, á wo etí písà tí àwọn èèyàn jẹ kù. Tí ó bá ti pọ̀ jù, a ti wọ gàù. Á ní ìyẹ̀fun tí a pò ò sùn tó. Ó gbọ́dọ̀ sùn nínú fíríìjì mọ́jú, ó kéré tán. Èyí tí wọ́n bá pò láàárọ̀ tí wọ́n yan lọ́sàn-án, eyín á jẹ́ ẹ lẹ́rìí.

Èmi náà kì í ka ìràwọ̀. Tí mo bá ń ka ohun tí àwọn oníbàárà kọ, ẹni tó sọ ìgbà tó lọ àti ohun tó rà ni mò ń wá. Ẹni tó bá ní wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá sílé, mo fò ó. Ooru tó há sínú páálí ló ń sọ ọ́ di jọ̀bọ̀tọ̀, kò sí alásè tó lè bá ìyẹn jà. Ẹni tó bá ní wọn ò kí òun, mo fò ó. Ẹ dákun, nígbà tí èèyàn tò dé ẹnu ọ̀nà tí ófùn ń jó mi lápá, kíkí wo? Ṣùgbọ́n tí èèyàn bíi mẹ́ta bá sọ pé máíkírówéfù ni wọ́n fi gbé tàwọn gbóná, ẹ sá. Ẹ tún wá fọ́tò tí oníbàárà yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè. Tí ìsàlẹ̀ bá funfun, wọn kì í jẹ́ kí òkúta gbóná dáadáa kí wọ́n tó gbé e sí i.

Tí ẹ bá ń ra ẹyọ, èyí tí kò ní ju ọbẹ̀ tòmátì àti ṣíìsì lọ ni kí ẹ rà. Òun ló ń yá títà jù, kì í pẹ́ nílẹ̀. Àwọn tí wọ́n to adìẹ àti ọ̀pẹ òyìnbó lé lórí, ẹwà ló gbé wọn jókòó síbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ alẹ́ lẹ débẹ̀, ẹ bi í pé èwo ló jáde gbẹ̀yìn. Kò ní bínú.

Ẹ wo lẹ́tà tí ìjọba ìlú lẹ̀ mọ́ fèrèsé náà. Láti 2010 ni wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ṣe bá àléébù tó ni àmì ṣe ń pọ̀: 0 sí 13 ni A, 14 sí 27 ni B, 28 sókè ni C. Ìmọ́tótó ló ń sọ, kò sọ bó ṣe dùn. Mo ti jẹ B tó dùn ju A lọ. Ṣùgbọ́n fún ogún ọmọ tí kì í ṣe ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ibi tó bá ní A.

Àlhájà Fordham

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ Mushin ti sọ̀rọ̀ títí, kò mẹ́nu ba ẹran. Ìyá Ìbejì, pepperoni pupa rogodo tí àwọn ọmọ fẹ́ràn yẹn, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń wà nínú ẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ ti màlúù. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ń lo èyí tó jẹ́ màlúù nìkan, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pé hàláàlì ni. Bí kò bá sí nǹkan tó jọ ọ́, ẹ bèèrè. Tí ọmọ Mùsùlùmí bá wà nínú àwọn ogún yẹn, ẹ ra odindi tí kò ní ẹran rárá, nínú páálí tirẹ̀. Ẹ má ní kí wọ́n ṣe é ní ìlàjì ìlàjì o, ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n máa fi la gbogbo ẹ̀ kọjá.

Ìwọ Ọmọ Mushin, ṣé wọ́n tilẹ̀ ń fọ ọ̀bẹ yẹn?

Ọmọ Mushin ní Bronx

Àlhájà mi, wọ́n ń nù ún.

Ìyá Ìbejì Flatbush

Ha! Ẹ ṣé o, Àlhájà. Mùsùlùmí mẹ́ta wà nínú wọn, ọ̀kan ni ọ̀rẹ́ Kẹ́hìndé tímọ́tímọ́. Ẹ ti yọ mí.

Ẹ̀gbọ́n Mushin, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ aago yẹn, ó wọlé sí mi lára. Mo ti lọ wo fèrèsé wọn, A ni. Ṣùgbọ́n àpèjẹ wa, aago mẹ́rin ni. Ṣé wọn ò ní kó èyí tó ti wà nílẹ̀ láti òwúrọ̀ fún mi? Odindi mélòó ló sì máa tó? Bàbá wọn ní kí n bá òun bi yín bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn fi fọ́ọ̀kì jẹ ẹ́, torí àwọn ọmọ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ Mushin ní Bronx

Odindi tí èèyàn bá ti pè fún, tuntun ni wọ́n ń yan. Èyí tó wà lẹ́yìn gíláàsì ò bá a tan, torí náà ẹ má ro ti ègé alẹ́ yẹn mọ́. Ohun tí bàbá wọn sọ nípa àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, òótọ́ ni, wọn ò ní já yín kulẹ̀. Wọn ò ní yà yín lẹ́nu náà.

Márùn-ún á tó. Ogójì ègé nìyẹn, àwọn ọmọ kéékèèké kì í jẹ ju ẹyọ kan lọ kí wọ́n tó sá lọ bá bọ́ọ̀lù. Mẹ́ta tí kò ní nǹkan kan lórí, ọ̀kan tí ẹ̀fọ́ wà lórí rẹ̀, ọ̀kan tí ẹran wà lórí rẹ̀, kí ìyẹn jókòó sọ́nà jíjìn. Ẹ ní kí wọ́n gé ti àwọn ọmọ sí mẹ́rìndínlógún dípò mẹ́jọ, wọn kì í gba owó fún ìyẹn. Ẹ lọ bá a ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ ní aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú lẹ máa wá kó o. Ẹ lọ fúnra yín. Tí ẹ bá ti gbé e sínú mọ́tò, ẹ ṣí ìdérí páálí sílẹ̀ díẹ̀ kí ooru ríbi jáde.

Ní ti fọ́ọ̀kì, ẹ bá mi kí bàbá wọn. De Blasio fi fọ́ọ̀kì jẹ ẹ́ ní Staten Island ní oṣù kìíní 2014. Kò tíì lo oṣù kan lórí àga olórí ìlú, gbogbo New York dà á bò. Ẹ ní kó ká a sí méjì ní gígùn, kó gbé ṣóńṣó rẹ̀ sẹ́nu, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí òróró má bàa kán sí i láṣọ.

Tí ọkùnrin káńtà tí kì í kí èèyàn yẹn bá ní orúkọ wo ni kóun kọ sára páálí, ẹ ní kó kọ Ìbejì. Kò ní lè pè é, ṣùgbọ́n kò ní gbé e fún ẹlòmíràn.