Poro ni kí a pè é: lórí ojú irin ìhó àti òfin pátẹ́ǹtì

Ẹ̀gbọ́n wa atúmọ̀ èdè, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Mo ti ka àbá yín fún ìwé pélébé tí a fẹ́ kọ fún àwọn tó ń tún rédíétọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Géètì, Ògùnpa àti Sángo, èyí tí yóò jẹ́ kí wọ́n mọ irú iṣẹ́ ọwọ́ wọn tí òfin lè fún ní pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun. Páìpù kọ́pà tí a la nǹkan sí lára, kí ohun olómi tó yí i ká lè tètè hó, ni àpẹẹrẹ tí ìwé náà mú. Ẹ ní kí a pe irú ojú irin bẹ́ẹ̀ ní “ojú gbágungbàgun”, kí a pe ohun tí ènìyàn hùmọ̀ ní “àwárí”, kí a sì pe gbogbo ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní “ipò iṣẹ́-ọnà”. N kò ní bá yín jiyàn lórí “ẹ̀rọ apààrọ̀ ooru” tí ẹ pe ẹ̀rọ tó ń gbé ooru látinú ohun kan sínú òmíràn, bíi rédíétọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru kì í pààrọ̀ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ ohun tó gbóná ló ti ń lọ sọ́dọ̀ èyí tó tutù, kì í sì í dá padà. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ ènìyàn lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú wọn.

Gbágungbàgun ló lè kó bá ènìyàn jù. Títì tó bàjẹ́ rí gbágungbàgun, irin tí ìpẹtà ti jẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Tí oníṣẹ́ kan bá kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń tọrọ pátẹ́ǹtì pé òun ṣe páìpù tí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun kí nǹkan lè tètè hó, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹjọ́ rẹ̀. Láti 1931 ni Max Jakob àti W. Fritz ní Jámánì ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé ojú irin tí a ha máa ń mú omi hó ju èyí tó ń dán lọ. Wọ́n tún rí i pé àǹfààní náà kì í tọ́jọ́: bí irin náà ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń dà bí èyí tí a kò ha rárá.

Ìdí tí kò fi ń tọ́jọ́ ni ẹ bá kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ. Omi kì í ṣàdédé hó lórí irin dídán. Inú ihò kékeré tàbí ojú sísán kan, níbi tí atẹ́gùn tàbí oru ti há sí, ni wóró oru kọ̀ọ̀kan ti ń yọ. (Mo pè é ní wóró nítorí pé orí omi ni ìfófó ń wà, bíi ti ọṣẹ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń ti ìsàlẹ̀ gòkè ni mò ń sọ.) Bí ẹnu ihò náà bá ṣe fẹ̀ tó ló ń pinnu iye tí irin gbọ́dọ̀ fi gbóná ju omi lọ kí wóró tó lè jáde. Níbi tí omi ti ń hó ní 100 dígírì, ihò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 0.02 mìlímítà ń fẹ́ kí irin fi nǹkan bíi 3.3 dígírì gbóná jù ú lọ. Kí ẹnu náà jẹ́ 0.002 mìlímítà, ó ju 20 lọ.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè ní kí a ṣáà lu ihò tó fẹ̀. Ihò tí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ ju inú rẹ̀ lọ, omi a ya wọ̀ ọ́, a lé oru jáde, ihò náà a kú. Gáàsì olómi inú ẹ̀rọ amúlétutù tún le ju omi lọ níbi èyí, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ kọ́pà típẹ́típẹ́, kò sì sí kọ́lọ́fín tí kì í dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí irin tí Jakob àti Fritz dán wò nìyẹn. Èyí tó ń pẹ́ ni ihò tí ẹnu rẹ̀ tóóró tí inú rẹ̀ sì gbòòrò bíi ti kèrègbè. Omi lè dé ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n oru inú kì í tán. Bí wóró kan bá jáde, ìyókù wà nílẹ̀ tí òmíràn yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí a pè é ní poro rèé. Àgbẹ̀ Akínyẹlé kò nílò àlàyé lórí poro. Ó ní ìbú, ó jìn, ó ní ibi tó kọjú sí, ebè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ìwé pátẹ́ǹtì fẹ́ kí a wọ̀n. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gbé páìpù sórí léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e, wọ́n á fi ọ̀bẹ irin la poro àkọ́kọ́ yí i ká, kó jìn dáadáa. Wọn kì í gé irin náà dànù. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń tì í sí, kó lè di ebè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á la poro kejì dábùú ti àkọ́kọ́, tí kò ní jìn tó o. Irin tí poro kejì bá tì ni yóò wó bo àkọ́kọ́ lẹ́nu, tí ẹnu tóóró yóò fi kù lókè, tí ihò gbọọrọ yóò sì wà lábẹ́.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni poro kejì. Tó bá jìn jù, ẹnu a dí, omi kò ní rí ọ̀nà wọlé láti rọ́pò oru tó jáde, abẹ́ a gbẹ, páìpù náà a sì burú ju èyí tó ń dán lọ. Tí kò bá jìn tó, ẹnu á ṣí sílẹ̀ gbayawu, a sì tún padà sí ti 1931. Ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ ti kú náà ń dá tirẹ̀ sílẹ̀: ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ páìpù á dára, ìparí rẹ̀ á ti yàtọ̀.

Ẹ tún wo àwọn tó ti gba pátẹ́ǹtì lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1968, Milton gba nọ́ńbà 3,384,154 lórí ìyẹ̀fun irin tí a fi iná mú lẹ̀ mọ́ ojú irin, tí kò ní poro rárá. Ní 1969, Kun àti Czikk gba 3,454,081 lórí poro tí a là dábùú ara wọn. Ní 1972, Webb gba 3,696,861 lórí lẹbẹ páìpù (irin pẹlẹbẹ tó yọ síta lára rẹ̀) tí a tẹ̀, kí àlàfo àárín wọn lè tóóró lókè. Bó bá jẹ́ pé gbágungbàgun ni orúkọ gbogbo wọn, kí ni Kun ìbá tún lọ gbà lẹ́yìn Milton? Milton gan-an ìbá má rí tirẹ̀ gbà.

Ó kan “àwárí”. Òfin Pátẹ́ǹtì àti Dìsáìnì ti Nàìjíríà, tó ti wà láti 1970, sọ ọ́ ní abala 1(5) pé ìlànà àti àwárí tó jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ìhùmọ̀. Pé ihò ẹlẹ́nu tóóró ń há oru mọ́ra, àwárí ni, kò sí ẹni tó lè sọ pé tòun ni. Páìpù tí a la poro sí lọ́nà báyìí báyìí, ìhùmọ̀ nìyẹn. Ohun tí òfin yọ sílẹ̀ gan-an ni ẹ fẹ́ fi sọ ohun tó ń dáàbò bò lórúkọ.

Ní ti “ipò iṣẹ́-ọnà”, ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá kà á yóò rò pé ọnà ara ilẹ̀kùn ààfin ni. “Ohun tí ayé ti mọ̀” ti tó. Ohun tí òfin sọ náà nìyẹn: ohunkóhun tí gbogbo ènìyàn ti lè rí tàbí gbọ́, níbikíbi, nígbàkígbà, ìbáà jẹ́ ní kíkọ, ní sísọ tàbí ní lílò, kí ìwé ìbéèrè tó wọlé. Ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ló ní àforíjì oṣù mẹ́fà. Alágbẹ̀dẹ tó bá ti ta irú páìpù náà fún oníbàárà ní Géètì kó tó fi ìwé ṣọwọ́ sí Àbújá ti sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀, gbólóhùn yẹn á sì yé e láìjẹ́ pé a ṣàlàyé.

Agbẹjọ́rò dá sí i:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Ìwé náà sọ níbì kan pé ìhùmọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun “tí kò hàn gbangba”. Oníṣẹ́ á rò pé a ní kó fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, tàbí pé poro tí ojú ń rí kò lè gba pátẹ́ǹtì. Ohun tí abala 1(2) ń béèrè ni pé kí ó má jẹ́ ohun tó kàn ń yọ láti inú ohun tí ayé ti mọ̀, ìbáà jẹ́ ní ti ọ̀nà tí a gbà ṣe é, ohun tí a lò ó fún, bí a ṣe pa ọ̀nà pọ̀, ohun tí a ṣe gan-an, tàbí àbájáde rẹ̀ nílé iṣẹ́. Mo dábàá “tí kì í ṣe àrọ́wọ́tó ọ̀jáfáfá lásán”.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ poro máa ń há sí. Tí poro 0.10 mìlímítà bá ti wà nínú ìwé ẹlòmíràn, tí ìwọ wá ṣe ti 0.08, ọjà tuntun lè ni ní tòótọ́, ṣùgbọ́n a óò bi ọ́ pé kí ló fà á tí ẹlòmíràn kò fi lè dán an wò kó débẹ̀. Nínú ẹjọ́ Aller ní Amẹ́ríkà ní 1955, ìwọ̀n ooru àti ti ásíìdì nìkan ni àwọn olùbéèrè yí padà nínú iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní wíwá ìwọ̀n tó dára jù nípa ìdánwò lásán kò tó. Ẹjọ́ ibẹ̀ kò de ilé-ẹjọ́ tiwa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ wúlò. Ẹni tó bá fẹ́ dúró lórí 0.08 gbọ́dọ̀ fi hàn pé nǹkan yàtọ̀ níbẹ̀ lọ́nà tí ẹnìkan ò retí, kí ó sì ní òǹkà ti ẹ̀yìn àti ti iwájú ààlà náà lọ́wọ́.

Ẹ kọ èyí gàdàgbà pẹ̀lú: Nàìjíríà kì í yẹ ìhùmọ̀ wò fínnífínní kí wọ́n tó fún ènìyàn ní ìwé. Abala 4 sọ pé orí ẹni tó gbà á ni ewu rẹ̀ wà, ìjọba kò ṣe onídùúró pé ó múlẹ̀. Ogún ọdún ni ọjọ́ orí rẹ̀, tí a bá ń san owó ọdọọdún. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn níbí, ni a óò tó mọ̀ bóyá poro ni tàbí gbágungbàgun.

Atúmọ̀ fèsì:

Àbúrò mi, o ṣeun. Mo gbà “ohun tí ayé ti mọ̀”, mo sì gbà “ìhùmọ̀”. Ṣùgbọ́n poro kò tíì wọ̀ mí lára. Gbangba ni poro oko wà, òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Èyí tí o ṣàlàyé ní ìdérí. Ìwọ fúnra rẹ sọ pé èyí tó ṣí sílẹ̀ kò wúlò! Báwo la ṣe máa fi orúkọ èyí tí kò wúlò pe èyí tó wúlò? Ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn ọmọ tó ń lo léètì kò lọ oko rí. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń pe ohunkóhun tí ọ̀bẹ bá là yí irin ká. Ẹ̀ẹ̀kẹta, “ooru” àti “oru” kò yàtọ̀ lẹ́nu ọmọ Ìbàdàn. Tí o bá kọ “ooru lé oru jáde”, ta ló fẹ́ yé?

Èsì ẹni tó dábàá poro sí atúmọ̀:

Ẹ̀gbọ́n, ti oru yẹn tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí “ooru” dúró fún ohun tí iná ń fúnni, kí a máa kọ “oru-ìhó” fún ohun tó ń jáde látinú omi tàbí gáàsì olómi. A ò lè pè é ní atẹ́gùn, torí atẹ́gùn gan-an ń wọnú ihò wọ̀nyí, a sì ní láti ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Tẹ́rẹ́ẹ̀dì kò ní ṣe é. Ìlà kan ṣoṣo tó ń lọ́ yípo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni tẹ́rẹ́ẹ̀dì, bíi ti ìdè bóòtù. Ẹni tó bá fi í kọ ìbéèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ (gbólóhùn tó sọ ohun tí pátẹ́ǹtì náà dáàbò bò gan-an) ti fún ẹlòmíràn láyè láti la òrùka òrùka tí kò so mọ́ra, kó sì máa tà á láìbẹ̀rù. Poro gba méjèèjì.

Ní ti ìdérí, ẹ jẹ́ kí a ya ìgbésẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: “poro” kí ọ̀bẹ kejì tó kọjá, “poro abẹ́lẹ̀” lẹ́yìn tó bá ti wó bò ó. Kò sí ohun tí a sọ nù, torí ìwé pátẹ́ǹtì lè béèrè ẹ̀tọ́ lórí ohun tí a ṣe, ó tún lè béèrè lórí ọ̀nà tí a gbà ṣe é. Mo kọ ọ́ báyìí fún ìwé wa, àpẹẹrẹ lásán sì ni àwọn òǹkà náà:

“Páìpù kọ́pà tó fẹ̀ tó 19 mìlímítà, tí a la poro yí ìta rẹ̀ ká, tí poro kan kò jìnnà sí èkejì ju 0.6 mìlímítà lọ, tí ó jìn láti 0.5 dé 0.8 mìlímítà, tí a sì tún la poro mìíràn dábùú rẹ̀ títí ó fi di poro abẹ́lẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò ju 0.1 mìlímítà lọ, tí kò sì dín sí 0.05.”

Ẹ kíyè sí “ìta rẹ̀” nínú gbólóhùn yẹn. Àwòrán tó wà nínú ìwé báyìí fi poro sí inú páìpù, níbi tí omi ti ń kọjá. Omi kànga tó ní ẹfun nínú yóò dí ẹnu 0.1 mìlímítà pa, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè wọ ibẹ̀. Gáàsì olómi ló gbọ́dọ̀ wà lójú ibi tí poro wà, kí omi máa gba inú tó ń dán kọjá. Kí ayàwòrán yí i padà kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé.