«Al-bá'ah»: ṣé agbára ọkùnrin ni àbí bùkátà?

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Mo rí àbá pé kí á fi "agbára ọkùnrin" túmọ̀ al-bá'ah, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà nínú hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) lórí ìgbéyàwó, èyí tí Ibn Mas'ud, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, gbà wá, tí Bukhari àti Muslim, àwọn tó kó hádíìsì jọ, jọ kọ sílẹ̀. N kò fara mọ́ ọn, hádíìsì náà gan-an ni kò sì jẹ́.

Alqama, ọmọ ẹ̀kọ́ Ibn Mas'ud, ló ròyìn pé òun wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Mina, nítòsí Mẹ́kà, nígbà tí Uthman, sàábé mìíràn, pàdé Ibn Mas'ud, tó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní ṣé kí àwọn fẹ́ wúńdíá kan fún un tí yóò mú un rántí ìgbà èwe. Ibn Mas'ud rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ó pe Alqama mọ́ra, ó sì sọ ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ fún àwọn ọ̀dọ́: ẹni tí apá rẹ̀ bá ká al-bá'ah, kí ó so yìgì (ìgbéyàwó ìlànà Mùsùlùmí), torí òun ló ń rẹ ojú sílẹ̀ jù, òun ló sì ń ṣọ́ abẹ́ jù, ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a, kí ó máa gbààwẹ̀, wijaa' ni yóò jẹ́ fún un.

Wijaa' ni kí wọ́n tẹ kóró ẹpọ̀n ẹran kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀. Àwa náà ní "tẹ̀ lọ́dàá", ìyẹn kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n bí al-bá'ah bá jẹ́ agbára ọkùnrin, a jẹ́ pé ẹni tí kò ní in ni wọ́n ní kí ó gbààwẹ̀ kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ara tó ti rọlẹ̀ láti àná! An-Nawawi, onímọ̀ hádíìsì tó kú ní 1277, ti ṣàlàyé èyí lórí ìwé Muslim: àwọn kan ní ìbálòpọ̀ ni al-bá'ah, àwọn kan ní ìnáwó ìgbéyàwó ni, ó sì ní ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì padà sí: ẹni tí apá rẹ̀ ká ìnáwó ìgbéyàwó.

"Ìkápá" tí gbogbo wa ń lò fún al-bá'ah ńkọ́? Istata'a (kí apá ká nǹkan) tó ṣáájú al-bá'ah nínú gbólóhùn náà ti gba ìyẹn tán, òun náà ló wà níbi ọ̀rọ̀ Hájì ní Súrà 3:97. A ó wá máa sọ pé "ẹni tó bá ní ìkápá ìkápá".

Mo kọ́kọ́ fẹ́ dá "ìgbésílé" sílẹ̀, torí ara ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ibùgbé ni al-bá'ah ti wá. Mo jáwọ́. Lẹ́nu àwa Yorùbá, ẹni tí kò so yìgì kankan náà lè gbé obìnrin sílé. Bùkátà ni mo fara mọ́: "ẹni tí apá rẹ̀ bá ká bùkátà ìgbéyàwó, kí ó so yìgì". (Mo lo "so yìgì" torí "gbéyàwó" yọ àwọn obìnrin sílẹ̀.)

Àbá kejì ni "pípa ìbálé mọ́" fún isti'faaf inú Súrà 24:33, ohun tí wọ́n pa láṣẹ fún ẹni tí kò tíì rí ọ̀nà ìgbéyàwó. Ẹsẹ 32 tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí kò ní ọkọ tàbí aya, opó wà níbẹ̀, ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká náà wà níbẹ̀. Ìbálé wo ni àwọn yẹn fẹ́ pa mọ́? Bákan náà, ní Súrà 4:6, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sọ fún ọlọ́rọ̀ tó ń tọ́jú dúkìá ọmọ òrukàn: fal-yasta'fif, kí ó kó ara rẹ̀ níjàánu. Ìkóra-ẹni-níjàánu gùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ òun ló bá ibi méjèèjì mu.

Ẹ tún wo bí 24:33 ṣe parí ọ̀rọ̀ náà: kí wọ́n kóra wọn níjàánu "títí Ọlọ́hun yóò fi rọ̀ wọ́n lọ́rọ̀". Ọrọ̀ ló sọ, kò sọ agbára ara. Kí ẹnikẹ́ni má kàn wá fi bùkátà lé tálákà kúrò nídìí yìgì, torí ẹsẹ 32 ti ní bí wọ́n bá jẹ́ aláìní, Ọlọ́hun yóò rọ̀ wọ́n lọ́rọ̀.