Ìyọ̀ǹda àbáwá àti ìyọ̀ǹda àtẹ̀yìnwá kì í ṣe ọ̀kan náà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Wọ́n dá a lábàá pé “ìdápadà àṣẹ ìpìlẹ̀” ni ká máa pe iṣẹ́ tí alábòójútó sáfà Unix (kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò pa pọ̀) ń ṣe nígbà tí nǹkan bá ti dàrú, tó sì fẹ́ kí fáìlì kọ̀ọ̀kan tún padà mọ ẹni tó lè kà á àti ẹni tó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Mo fara mọ́ “ìdápadà”. Méjì tó kù ni mi ò gbà.

“Àṣẹ” ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí à ń tẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ là ń pè bẹ́ẹ̀: ls jẹ́ àṣẹ, chmod náà jẹ́ àṣẹ. Ṣé “fi àṣẹ chmod yí àṣẹ fáìlì padà” la fẹ́ máa kọ fún akẹ́kọ̀ọ́? Yàtọ̀ síyẹn, r, w àti x tí à ń rí lára fáìlì kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ṣe ni wọ́n ń gbà fún èèyàn láti kà, láti kọ, tàbí láti mú ètò ṣiṣẹ́. Ìyọ̀ǹda nìyẹn.

“Ìpìlẹ̀” ló tilẹ̀ léwu jù, torí ó ń jẹ́ kéèyàn rò pé nọ́ńbà kan ṣoṣo wà tí gbogbo fáìlì máa padà sí. Kò sí. Nọ́ńbà la fi ń kọ ìyọ̀ǹda: kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, mímú ṣiṣẹ́ jẹ́ 1, a sì ń ro wọ́n pọ̀ fún ẹni tó ni fáìlì, fún ẹgbẹ́ rẹ̀, àti fún àwọn yòókù. 644 ni /etc/passwd, torí gbogbo ètò ló ń kà á. /etc/shadow tó ń pa ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ jẹ́ 640 lórí Debian, ó sì jẹ́ 000 lórí Red Hat (oríṣi Linux, tó jọ Unix, ni méjèèjì). /tmp jẹ́ 1777. 1 tó wà níwájú yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹnì kan pa fáìlì ẹlòmíì rẹ́. Sudo ní 4 níwájú tirẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó fi agbára root, ìyẹn alábòójútó àgbà, ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá wá ṣi ọwọ́ tẹ chmod -R 777 / (tó ń sọ gbogbo fáìlì di 777), 4 yẹn lọ nìyẹn, sudo ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, sshd (ètò tó ń jẹ́ kéèyàn wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn) náà á sì kọ kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ torí pé gbogbo ayé ti lè kà á. Kéèyàn tún wá tẹ 755 sí gbogbo rẹ̀ kò tún nǹkan kan ṣe.

Ọ̀nà méjì ló wà láti bọ́ níbẹ̀, wọn kì í sì í débì kan náà. Lórí Red Hat, rpm, ètò tó ń fi sọ́fítíwíà sórí kọ̀ǹpútà, mọ ìyọ̀ǹda tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nígbà tó ń bá sọ́fítíwíà rẹ̀ wọlé. Èèyàn á tẹ rpm --setugids -a (fún ẹni tó ni fáìlì), lẹ́yìn náà rpm --setperms -a (fún ìyọ̀ǹda). Ẹ má ṣe yí wọn po o, torí yíyí ẹni tó ni fáìlì padà máa ń gba 4 iwájú náà kúrò lára rẹ̀. Dpkg, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí Debian, kì í kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sílẹ̀, nítorí náà ṣe lèèyàn á tún fi sọ́fítíwíà náà sórí rẹ̀. Ohun tó padà wá yìí ni mo fẹ́ ká pè ní ìyọ̀ǹda àbáwá. Inú “àbáwáyé” ni mo ti yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n rpm kò mọ ohunkóhun nípa fáìlì tó wà nínú /home, níbi tí àwọn oníṣe ń kó fáìlì wọn sí. Bí alábòójútó bá sì ti dín ìyọ̀ǹda fáìlì kan kù nítorí ààbò, rpm á tún ṣí i sílẹ̀ padà. Ẹni tó bá fi getfacl -R kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́ nìkan ló lè fi setfacl --restore gba tirẹ̀ padà. Ìyọ̀ǹda àtẹ̀yìnwá nìyẹn. Ìwé ìtọ́nisọ́nà tó bá pe méjèèjì ní “ìpìlẹ̀” lè jẹ́ kí ẹnì kan fi rpm pa iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́, kó máa rò pé òún ti tún un ṣe.

Bí a kò bá fẹ́ ju “ìpìlẹ̀” nù, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ umask: 022 ló ń sọ fáìlì tuntun di 644, tó sì ń sọ fódà tuntun di 755.